Gbàǹjo, Gwanjo àti Aṣọ Tó Wà Nínú Àpótí Wa

Ẹni tó bá ti gbé ìlú Sókótó yìí tó oṣù mẹ́ta á ti mọ ọ̀rọ̀ náà "gwanjo". Òun ni àwọn Hausa ń pe aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ kù ní òkè òkun, tí wọ́n dì wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwa ń pè é ní òkìrìkà tàbí bọ́síkọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ Hausa yẹn pè, kí ẹ sì fetí sí i dáadáa. Kò sí "gb" nínú èdè Hausa. Bí ọ̀rọ̀ wa tó ní "gb" bá wọ ẹnu wọn, "gw" ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Gwanjo, gbàǹjo: ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí àwọn baba wa ń pe ọjà tí wọ́n kó síta, tí ẹni tó bá dá owó tó ga jù ń gbé lọ, òun ni wọ́n ń pè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí lójoojúmọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ nípa aṣọ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹkún nínú ilé àwọn kan. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ ló ń gbé owó ilé mì. Aṣọ ló wá gbẹ̀yìn. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kì í wá sí ìsìn ọjọ́ ìkórè mọ́ nítorí pé wọn kò rí aṣọ ẹgbẹ́ rà. Àwọn mìíràn ń ra òkìrìkà, ṣùgbọ́n wọ́n á fi pamọ́ sínú nọ́ọ́nù dúdú kí ará ìjọ má baà rí wọn lọ́jà. Mo fẹ́ kí a wo ìtàn nǹkan yìí papọ̀, kí a mọ̀ bóyá ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí a sì mọ ohun tí ìjọ lè ṣe.

Àlòkù nílé baba wa

Kí òyìnbó tó di bélì aṣọ kankan wá, Yorùbá ti ń wọ àlòkù. Ẹ rò ó wò: nígbà tí obìnrin ń ran òwú, tí ó ń pa á láró, tí ahunṣọ ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí aránṣọ ń so ó pọ̀, ta ni yóò ju irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nù? Bí baba bá kú, aṣọ rẹ̀ wà lára ogún tí àwọn ẹbí ń pín. Ọmọ á gbé agbádá baba wọ̀ lọ sí òde, wọ́n á sì kí i pé ó jọ baba rẹ̀. Àbúrò ń wọ èyí tí ẹ̀gbọ́n ti dàgbà ju. Bí aṣọ bá gbó tán, ó di ohun tí ìyá fi ń pọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó di òṣùká, kó tó wá di ohun tí a fi ń nu ilẹ̀. Òun ló jẹ́ kí àgbà máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ẹ kíyè sí i pé òwe yẹn kò fi àkísà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rí ọjọ́ orí àti ìrírí ni ó fi ṣe.

Apá òkè níbí náà rí bẹ́ẹ̀. Heinrich Barth, ará Jámánì tó rin ilẹ̀ yìí já, tó dé Kano ní 1851 tó sì dé Sókótó ní 1853, rí i pé aṣọ tí wọ́n hun tí wọ́n sì pa láró ní Kano ń lọ títí dé Timbuktu. Aṣọ jẹ́ owó lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Kò sí ẹni tó ń jó owó níná.

Ọkọ̀ gbàǹjo tó gbé ìhìn rere wá

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ìtàn ìjọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú lójú omi. Bí wọ́n bá mú ọkọ̀ kan, wọ́n á kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822. Wọ́n á wá gbé ọkọ̀ náà àti ẹrù inú rẹ̀ sí gbàǹjo.

Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n dá sílẹ̀ kúrò nínú ìdè ni. Wọ́n dé Freetown láìní nǹkan kan. Wọ́n ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ra ẹrù gbàǹjo, wọ́n ń kiri rẹ̀ láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń jèrè. Nígbà tó di 1839, àwọn kan lára wọn ti lówó débi pé wọ́n ra odindi ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Wọ́n fún un ní orúkọ tuntun, Queen Victoria, wọ́n sì wọ inú rẹ̀ padà wá sí etíkun ilẹ̀ wọn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Láti Badagry ni wọ́n ti gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn Sàró yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n fi ońṣẹ́ Ọlọ́run ṣọwọ́ sí àwọn. Thomas Birch Freeman dé Badagry ní 1842. Henry Townsend sì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843.

Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ tó ṣí ọ̀nà fún ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ọkọ̀ àlòkù ni. Èyí tí wọ́n fi ń kó ènìyàn lọ sí oko ẹrú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rà ní gbàǹjo, wọ́n tún un ṣe, ó sì gbé àwọn ẹni òmìnira bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ń tijú òkìrìkà nínú ìjọ, kó rántí ọkọ̀ yẹn.

Àwọn pásítọ̀ tó ń ta aṣọ àlòkù

Bí ọ̀rọ̀ ti rí níhà ibí yìí, ìyà ń jẹ àwọn tálákà ìlú òyìnbó náà. Ní London, William Booth, tó dá Salvation Army sílẹ̀, kọ ìwé kan jáde ní 1890. Ó dá a lábàá nínú rẹ̀ pé kí wọ́n rán àwọn tí kò níṣẹ́ lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n máa gba ohun tí àwọn ènìyàn kò lò mọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tà á. Ìjọ yìí kan náà ló dé Èkó ní 1920.

Ní Amẹ́ríkà, pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì kan tó ń jẹ́ Edgar Helms ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò àwọn àlejò tí kò rí ṣe ní ìlú Boston. Ní 1902, ó gbé àpò ìdọ̀họ lọ sí àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀, ó ń tọrọ aṣọ àti bàtà tí wọn kò wọ̀ mọ́. Kò pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gba àwọn tí kò níṣẹ́ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n máa rán ibi tó ya. Wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tálákà, owó yẹn ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé àǹfààní ni òun fẹ́ fún ènìyàn, kì í ṣe ọrẹ àánú. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ni Goodwill ti jáde, tó ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà lónìí.

Ní ìlú Oxford ní England, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942 nítorí ìyàn tó mú ní ilẹ̀ Gíríìsì ní aṣọ àti ẹrù lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Broad Street ní 1947. Ìgbìmọ̀ yẹn la mọ̀ sí Oxfam lónìí. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti ju 10,000 lọ ní Britain báyìí. Ẹ bi àwọn ará wa tó wà ní Peckham, wọ́n á sọ fún yín pé ṣárítì ṣọ́ọ̀bù ló bo àṣírí àwọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí òtútù mú wọn. Wọ́n ra kóòtù nílé àánú, owó kóòtù sì lọ ṣètọ́jú aláìsàn tàbí ọmọ aláìníbaba. Ẹni tó rà á jèrè, ẹni tí wọ́n fi owó náà ràn lọ́wọ́ náà jèrè.

Bí ó ṣe di òkìrìkà

Gbogbo èyí tí àwọn ènìyàn kó wá kọ́ ni wọ́n ń rí tà níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àwọn oníṣòwò á rà á ní ìwọ̀n kílò. Wọ́n á ṣà á, ṣẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, kóòtù lọ́tọ̀, aṣọ ọmọdé lọ́tọ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bélì. Bélì kan sábà máa ń wọn kílò 45 tàbí 55. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá sí Áfíríkà. Okrika, ìlú létí omi nítòsí Port Harcourt, jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, ìyẹn ló fi jẹ́ orúkọ náà. Ní Ghana wọ́n ń pè é ní "obroni wawu", ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú, nítorí kò yé wọn bí ẹni tó wà láàyè ṣe lè bọ́ irú aṣọ tó dára bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní Kenya, "mitumba" ni. Ní Zambia, "salaula" ni.

Ìgbà ìnira ló máa ń sọ ọjà yìí di ńlá. Nígbà tí ìjọba Babangida mú ètò SAP wá ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n máa ń rán kóòtù lọ́dọ̀ télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Yaba, wọ́n ń ṣa aṣọ. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà, bẹndáùn-sẹ̀lẹ́ẹ̀tì, ó wà lẹ́nu wa títí dòní. Ọjà Kàtàńgówà ní Èkó di ibi tí àwọn aláràtúntà ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ wá.

Ti Sókótó níhìn-ín ní ọ̀nà tirẹ̀. Òpópó ọjà kan ń ti gúúsù àti Kano wá. Òmíràn ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Cotonou, ó ń la Niger já, ó sì ń wọlé láti Birnin Konni sí Illela. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bọ́dà fi máa ń hàn lára wa kíákíá. Wọ́n ti bọ́dà ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Wọ́n tún tì í lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọyẹ́ Sókótó kò mọ bọ́dà. Bí ó bá dé, àwọn ọmọ nílò súwẹ́tà, ìyá wọn ò sì ní owó tuntun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le

Kò yẹ kí n fi ibi tó korò pamọ́ fún yín. Òfin ilẹ̀ wa kò gba aṣọ àlòkù láyè láti wọlé. Ó wà nínú àkójọ ọjà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Orílẹ̀-èdè Benin gbà á láyè, àwa kò gbà á, ìyẹn ló sọ ọ́ di ọjà fàyàwọ́.

Òfin náà ní ìdí. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Òwú àgbẹ̀ apá òkè ni wọ́n ń hun níbẹ̀, ọmọ gbogbo ẹ̀yà ló ń ríṣẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá ní Kaduna sì ń rí ìdá mẹ́wàá láti owó oṣù wọn. Nígbà tó di 2007, United Nigerian Textiles náà ti ìlẹ̀kùn ní Kaduna. Òkìrìkà nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Àìsí iná, ọ̀wọ́n epo ẹ̀rọ àti aṣọ tuntun tí wọ́n ń kó wọlé ní fàyàwọ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dúró síbẹ̀: bí a bá ń wọ aṣọ òkú òyìnbó nìkan, ta ni yóò ra èyí tí ọmọ wa hun? Rwanda gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní 2016 ó gbé owó bọ́dà lórí aṣọ àlòkù sókè gan-an. Amẹ́ríkà bínú, nígbà tó di 2018 ó dá àǹfààní tí aṣọ Rwanda fi ń wọ ilẹ̀ rẹ̀ láìsan owó bọ́dà dúró.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Nínú bélì, èyí tí kò ṣeé wọ̀ wà níbẹ̀, ojú àkìtàn ló ń lọ. Ewu sì wà fún ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ sínú bélì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní 2025, iná jó ọjà Kantamanto ní Accra, tó jẹ́ ọ̀kan lára ọjà òkìrìkà tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwa tí iná ọjà Central wa ní Sókótó ṣojú wa ní oṣù kìn-ín-ní 2021, a mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Nítorí náà, mi ò ní dúró lórí pẹpẹ kí n sọ fún opó tó ní ọmọ mẹ́rin pé kó má ra súwẹ́tà gwanjo nígbà ọyẹ́. Èmi kọ́ ni yóò wọ̀ ọ́ láṣọ. Mi ò sì ní sọ fún oníṣòwò pé fàyàwọ́ kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà kẹta wà tí a kò tíì gbà.

Inú àpò ṣòkòtò

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí a ti dé Sókótó wàyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àpò ṣòkòtò wò. Mélòó ni aṣọ ẹgbẹ́ ìkórè, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ òkú àti aṣọ ọjọ́ ìbí tó wà nínú àpótí wa tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mélòó ni aṣọ ọmọ tí ọmọ ti dàgbà ju? Àwọn aṣọ yìí kò fi fàyàwọ́ wọlé. Wọ́n ti wà nílé. Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń lé wọn, wọn kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ kankan.

Bíbélì kún fún irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, àwọn opó kò ka owó tó fi sílẹ̀. Ẹ̀wù tó rán fún wọn ni wọ́n ń fi han Pétérù tẹkúntẹkún, bí a ti kà á nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Ẹ tún lọ ka Jeremáyà orí 38. Wọ́n ju wòlíì sínú kòtò ẹrẹ̀. Ebedi-Mẹ́lékì ará Etiópíà, ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, lọ sí yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìṣúra ọba. Kò kó wúrà níbẹ̀. Àkísà àti aṣọ tó ti gbó ló kó. Ó ní kí Jeremáyà fi wọ́n sí abíyá, kí okùn má baà bó o lára nígbà tí wọ́n bá ń fà á jáde. Ohun tí ààfin ọba kò kà sí mọ́ ni Ọlọ́run fi dáàbò bo ara wòlíì rẹ̀.

Àbá mi nìyí. Kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gba yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Sátidé. Kí a tọ ipasẹ̀ Helms: a ò ní pín in lọ́fẹ̀ẹ́, a ó tà á ní owó tí kò ní ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó fi owó tirẹ̀ ra aṣọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́, kò sì ní tẹrí ba nígbà tó bá pàdé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kọ́bọ̀ rárá, kí díákónì san án fún un ní ìkọ̀kọ̀. Kí a má kọ orúkọ ẹni tó mú aṣọ wá sí i lára. Kí a fún àwọn télọ̀ tí iṣẹ́ dá lọ́wọ́ wọn ní owó díẹ̀ láti tún èyí tó ya rán. Kí a ṣí ìlẹ̀kùn fún aládùúgbò wa tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, Mùsùlùmí àti Kristẹni, nítorí ọyẹ́ kì í bi ènìyàn léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Owó tó bá wọlé, kó lọ fún owó ilé ìwòsàn àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ó mú aṣọ wá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ran bọ́tìnnì tó já. Aṣọ tí ojú á tì yín láti rí lára ọmọ yín, ẹ má mú un wá fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ má sì mú aṣọ abẹ́ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, yálà lọ́dọ̀ wa tàbí lọ́jà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ gbé aṣọ sókè sí oòrùn, ihò tí kòkòrò jẹ á hàn. Ẹ wo abíyá àti kọ́là, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ fa síípù lọ, ẹ fà á bọ̀. Ẹ wo ìrán ẹ̀gbẹ́ bóyá aṣọ ṣẹ́ kù nínú tí télọ̀ lè tú. Lọ́jà, ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú bélì bí ẹ bá fẹ́ ojúlówó, ẹ lọ nírọ̀lẹ́ bí ẹ bá fẹ́ owó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn Sókótó tí ń pa kòkòrò, ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kó tó kan ara.

Ní ti àwa olórí, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Bí a bá ń yan aṣọ ẹgbẹ́ tuntun fún gbogbo àjọ̀dún, àwa gan-an ni à ń lé tálákà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi á gbé e wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ pé kí ìkórè ọdún yìí jẹ́ ti aṣọ tó wà nílé. Kí olúkúlùkù wọ èyí tó ní, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó sì mú ọ̀kan dání wá fún ẹni tí kò ní.